hosts_access: bí prógíráàmù C ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kó dá lóhùn

Ẹni tó bá ti fi èdè C kọ prógíráàmù tó ń dá ìpè lóhùn lórí nẹ́tíwọ̀kì rí mọ fọ́ńṣọ̀n mẹ́rin yìí bí ẹní mowó: socket(), bind(), listen() àti accept(). Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń béèrè pé “Ta nìyẹn?” Kọ̀ǹpútà yòówù kó pè, accept() á gbà á wọlé. Lóòótọ́, á fi àdírẹ́sì ẹni tó pè lé yín lọ́wọ́ bí ẹ bá béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ bóyá ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ dá lóhùn ni. Ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹni tó ń kọ prógíráàmù.

Ohun tí hosts_access() wà fún nìyẹn. Inú àkójọ kóòdù kan tó ń jẹ́ libwrap ló wà, ara TCP Wrapper sì ni libwrap. Ẹ má jẹ́ kí “host” inú orúkọ náà ṣì yín lọ́nà. Kì í ṣe onílé tó ń gba àlejò ni wọ́n ń sọ. Kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tó bá ní àdírẹ́sì lórí nẹ́tíwọ̀kì ni host, nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí sì rèé, àlejò gan-an ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wietse Venema ló kọ TCP Wrapper ní 1990, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Eindhoven ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Ẹnìkan ń yọ́ wọ àwọn kọ̀ǹpútà Unix wọn, ó sì ń pa fáìlì inú wọn rẹ́. Venema fẹ́ mọ ibi tí onítọ̀hún ti ń pè, àmọ́ àwọn prógíráàmù tó ń dá ìpè lóhùn kì í kọ ẹni tó pè sílẹ̀. Ọgbọ́n tó dá rọrùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín: ó fi prógíráàmù kékeré kan sí àyè ti gidi. Bí ìpè bá dé, inetd, tó ń bá gbogbo wọn dúró de ìpè, á jí prógíráàmù kékeré yìí. Òun á kọ ibi tí ìpè ti wá sílẹ̀, á sì pe ti gidi kó wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni “wrapper” ti wá, ohun tí wọ́n fi wé nǹkan. Ṣíṣọ́ ẹni tó ń wọlé ló ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó fi dídá èèyàn padà kún un.

Apá tó ń dájọ́ ló wá wà lọ́tọ̀ bíi libwrap, kí prógíráàmù tí inetd kì í jí náà lè béèrè fúnra rẹ̀. Báyìí ló ṣe ń béèrè:

#include <syslog.h>
#include <tcpd.h>

int allow_severity = LOG_INFO;
int deny_severity = LOG_WARNING;

/* lẹ́yìn accept(), tó fún wa ní fd */
struct request_info req;
request_init(&req, RQ_DAEMON, "ojise", RQ_FILE, fd, 0);
fromhost(&req);
if (!hosts_access(&req))
    close(fd);

request_init() ló ń to ẹjọ́ náà sílẹ̀: orúkọ prógíráàmù wa ni “ojise”, fd ni socket (ojú ọ̀nà tí ìpè ń gbà) tí accept() dá padà, 0 tó gbẹ̀yìn sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ parí. fromhost() ló ń wo ẹni tó wà ní ìdí kejì socket náà. hosts_access() ló ń dájọ́. Ẹ wo ìdájọ́ rẹ̀ dáadáa o, nítorí ọ̀pọ̀ fọ́ńṣọ̀n C ló ń dá 0 padà bí nǹkan bá lọ déédéé. Ti eléyìí yàtọ̀: 0 ni “lé e”. Ẹni tó bá gbàgbé àmì ìyanu iwájú rẹ̀ yóò máa lé ọ̀rẹ́, yóò sì máa gba ọ̀tá. Àwọn nọ́ńbà méjì tó wà lókè, libwrap fúnra rẹ̀ ló ń wá wọn, láti mọ bó ṣe máa kọ ìròyìn sínú syslog, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ń fi compiler kọ́ prógíráàmù náà, ẹ fi -lwrap sí àṣẹ rẹ̀, kó lè rí libwrap.

Inú fáìlì méjì ni ìdájọ́ náà ti ń wá: /etc/hosts.allow àti /etc/hosts.deny. Ó ń kọ́kọ́ ka ti allow. Bó bá rí ìlà tó bá ẹni tó pè mu, ó gbà á, kò sì wo deny rárá. Bí kò bá rí, ó ka deny. Ìlà tó bá bá a mu níbẹ̀, ó lé e. Bí kò bá rí nǹkan kan nínú méjèèjì, ó gbà á.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń kó bá èèyàn. Ẹnìkan á kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ sínú hosts.allow, á gbà pé àwọn yòókù ti wà níta nìyẹn. Irọ́ ni. Àfi kó kọ èyí, tó túmọ̀ sí gbogbo prógíráàmù àti gbogbo ẹni tó pè, sínú hosts.deny:

ALL: ALL

Kó wá kọ àwọn tó fẹ́ sínú hosts.allow:

ojise: 127.0.0.1 192.168.1. .example.org

Ẹ má fojú kéré àwọn àmì ìdánudúró (.) yẹn. Nọ́ńbà tí àmì gbẹ̀yìn rẹ̀ kó gbogbo àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Orúkọ tí àmì ṣáájú rẹ̀ kó gbogbo orúkọ tó parí bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ yọ àmì ìparí kúrò lára 192.168.1. ẹ sì rí i pé kò ní bá ẹnikẹ́ni mu mọ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ: ìlà tí ẹ kò tẹ Enter sí ní ìparí, libwrap á ráhùn nípa rẹ̀ nínú syslog, á sì fò ó kọjá. Bó bá jẹ́ ALL: ALL nìkan ló wà nínú hosts.deny tí kò sì ní Enter, gbogbo ayé ló máa wọlé. Fáìlì tí kò sí rárá náà, bí òfìfo ló ṣe ń kà á. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé ó ń ka fáìlì méjèèjì lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é, nítorí náà kò sí ìdí láti pa prógíráàmù kẹ́ ẹ tún un tan lẹ́yìn àtúnṣe.

Lójú tèmi, nọ́ńbà sàn ju orúkọ lọ. Ẹni tó ni àdírẹ́sì kan ló ń sọ orúkọ tí DNS, ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì, máa fún un, ó sì lè pe ara rẹ̀ ní ohun tó bá wù ú. libwrap mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń mú orúkọ náà padà lọ sọ́dọ̀ DNS láti wò ó bóyá àdírẹ́sì yẹn náà ló máa bá níbẹ̀. PARANOID ló ń pe èyí tí kò bá dọ́gba. Síbẹ̀, bí DNS bá ń falẹ̀, prógíráàmù yín á dúró dè é. Bí prógíráàmù náà bá sì ń lo thread (iṣẹ́ púpọ̀ tó ń lọ pọ̀ nínú prógíráàmù kan), ẹ fi mutex, títì tí ń jẹ́ kí ẹyọ kan wọlé lẹ́ẹ̀kan, ṣọ́ ọ, torí libwrap kò fara da kí thread méjì pè é lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe firewall, ògiri tó ń dí ìpè lọ́nà, o. Lórí Linux, inú kernel, ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni ti firewall wà. Ó lè sọ pákẹ́ẹ̀tì nù kí prógíráàmù tó mọ̀ pé ẹnìkan pè. Ní ti hosts_access(), ìpè ti wọlé tán kó tó béèrè, nítorí náà ẹni tí ẹ lé á rí i pé ilẹ̀kùn ṣí, ó sì tì. Ohun tó fi jù firewall lọ ni pé ó mọ orúkọ prógíráàmù tí wọ́n ń pè, pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) yòówù kó wà.

Aṣọ́nà fúnra rẹ̀ náà ti ṣubú sọ́wọ́ olè rí. Ní oṣù kìn-ín-ní 1999, ẹnìkan yí kóòdù TCP Wrapper tó wà lórí sáfà Eindhoven padà. Ẹni tó bá lo ẹ̀dà yẹn ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ láìmọ̀: ìpè tó bá wá láti pọ́ọ̀tù 421 á gba agbára root, ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà náà.

Lónìí, ọ̀pọ̀ prógíráàmù ti pa á tì. OpenSSH, tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn (sshd ni apá tó ń dá ìpè lóhùn), yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀dà 6.7 ní 2014, Red Hat Enterprise Linux 8 kò sì ní in mọ́. Ewu ibẹ̀ ni pé fáìlì méjèèjì lè wà ní /etc, kí wọ́n kún fún òfin tó dára, kí ẹnikẹ́ni má sì kà wọ́n. Ẹ fi èyí wò ó:

ldd /usr/sbin/sshd | grep libwrap

Bí kò bá sí ìlà kankan tó jáde, tí kì í sì ṣe tcpd (prógíráàmù kékeré TCP Wrapper tí inetd ń jí) ló ń jí prógíráàmù náà, ALL: ALL yín kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.