Orílẹ̀-Èdè Tó Ni Pásípọ́ọ̀tù Yín Ni Wọ́n Ń Wò

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ènìyàn mẹ́rin ló wọ ọ́fíìsì mi ní Bódìjà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Lọ́yà, mo ti sanwó físà wọ́kìǹ hólídè Ọsirélíà. Ẹ bá mi wo ìwé yìí, ṣé ó dáa?" Wọ́n ti sanwó tán kí wọ́n tó rántí pé lọ́yà wà láyé. Ẹni tó san kéré jù nínú wọn san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà. Inú bí mi, mi ò sì fi pa mọ́ fún wọn.

Àdéhùn ló wà nídìí físà yìí. Ìjọba méjì á jókòó, wọ́n á ní kí ọ̀dọ́ ti ìhín lọ gbafẹ́ lọ́hùn-ún, kó máa fi iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ wá owó oúnjẹ, kí ọ̀dọ́ ti ọ̀hún náà máa bọ̀ níhìn-ín. Láti 1975 ni Ọsirélíà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Oríṣi méjì ló ní, nọ́ńbà 417 àti 462, Nàìjíríà ò sì sí nínú ìkankan. Benin ò sí níbẹ̀, Togo ò sí níbẹ̀. Mo ka orúkọ wọn láti òkè délẹ̀, mi ò rí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣoṣo. Brazil wà níbẹ̀, Mongolia náà wà, torí ìjọba tiwọn ti lọ tọwọ́ bọ̀wé. Kò sí iye tí ẹ fẹ́ san fún éjẹ́ǹtì tí yóò fi orúkọ wa kún un. Àní owó tí ìjọba Ọsirélíà fúnra rẹ̀ ń gbà lórí físà náà ní 2025 ò pé 700 dọ́là tiwọn.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ṣẹ̀. Àwọn òbí máa ń sọ fún mi pé, "Irú físà yìí ni àbúrò mi fi wọ London ní 2004." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Nígbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní irú rẹ̀ fún ọ̀dọ́ ilẹ̀ Commonwealth, láti ẹni ọdún 17 dé 30, àwọn ọmọ wa sì lò ó. Oṣù kọkànlá 2008 ni wọ́n pa á tì. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ò kàn wá. Ohun tó kú láti 2008 ni éjẹ́ǹtì ń wọ láṣọ fún yín.

Àwọn tó bímọ sí Peckham tàbí Manchester, tí ọmọ ní pásípọ́ọ̀tù Britain, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ọmọ yín lè gba 417 títí ó fi pé ọdún 35. Láti oṣù keje 2024, wọn ò tún béèrè iṣẹ́ ọjọ́ 88 lóko lọ́wọ́ ọmọ Britain kí ó tó gba ọdún kejì. Kó má ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan láìgbàṣẹ. Kó sì má fọkàn sí owó ìfẹ̀yìntì tí ọ̀gá ń fi pamọ́ fún un níbẹ̀, torí bó bá fẹ́ gbà á nígbà tó ń padà sílé, ìjọba á yọ ìdá 65 nínú 100.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwa tá a wà nílé. Tí ẹnikẹ́ni bá fi sítíkà físà Ọsirélíà hàn yín nínú pásípọ́ọ̀tù, ayédèrú ni. Láti oṣù kẹsàn-án 2015 ni Ọsirélíà ti jáwọ́ nínú sítíkà. Inú kọ̀ǹpútà ni físà wọn wà, inú kọ̀ǹpútà náà ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń wò ó kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọkọ̀. Ìyá kan gbé irú sítíkà bẹ́ẹ̀ lọ sórí òkè, wọ́n da òróró sí i títí tí gbogbo ojú ewé pásípọ́ọ̀tù fi rin gbingbin. Èmi náà ń gbàdúrà, mo sì ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe fún ọdún 18 rèé, mi ò rí físà kan tí òróró sọ di òótọ́ rí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọjọ́ orí. Físà yìí ń fẹ́ ẹni ọdún 18 sí 30, orílẹ̀-èdè díẹ̀ ni wọ́n gbà fún dé 35. Bí ẹ bá ti lé, éjẹ́ǹtì á ní, "Ẹ jẹ́ ká gé e." Wọ́n á lọ búra ní kóòtù, wọ́n á yí NIN, wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù mìíràn. Ó rọrùn lójú yín torí ẹ mọ ẹni tó gé tirẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é. Ìwé ẹ̀rí WAEC yín ńkọ́? Káàdì ìdìbò ńkọ́? Fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ fún físà Dubai ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ńkọ́? Òfin Ọsirélíà sọ pé bí ẹ bá fi ìwé irọ́ ránṣẹ́, ọdún mẹ́ta ni ìlẹ̀kùn fi máa wà ní títì. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ jẹ́ gan-an ni wọn ò gbà gbọ́, ọdún 10 ni.

Ajórin kan wà tí mi ò ní dárúkọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé. Ẹni ọdún 33 ni nígbà tí éjẹ́ǹtì sọ ọ́ di 29. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni wọ́n tà. Kọ̀ǹpútà Ọsirélíà ò lè gba wọ́kìǹ hólídè fún pásípọ́ọ̀tù wa, éjẹ́ǹtì sì mọ̀. Ló bá fi físà àbẹ̀wò ránṣẹ́ lórúkọ ọmọ náà, ó so ìwé báńkì ayédèrú mọ́ ọn. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ gedegbe. Éjẹ́ǹtì ò sọ fún un. Sítíkà ló lẹ̀ fún un. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ni wọ́n ti dá a padà, níṣojú ìyá rẹ̀ tó wá sìn ín.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ kan ní Ọsirélíà wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú fídíò, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ kó lè gba físà oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn, ó sì wá bá a nílé fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó wá sọ́dọ̀ mi. Mo bá a kọ̀wé béèrè fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Ọsirélíà. Nígbà tó dé, mo kà á fún un lójú ìyá rẹ̀: ìwé báńkì tí kò rí rí, ọjọ́ ìbí tí kì í ṣe tirẹ̀, ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ bi mí pé, "Lọ́yà, ṣé a ò lè bẹ̀ wọ́n?" Mo bẹ̀ wọ́n lóòótọ́, ojú ìwé 11 ni mo kọ. Wọn ò gbà. Ilé iṣẹ́ náà ti mú ẹlòmíràn.

Ó ṣì máa ń yà ní ọ́fíìsì mi bó bá wá ra irin ní Ìbàdàn. Ó ku oṣù 16.