Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni fàájì rélùwéè orí tábìlì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré

Bí ẹ bá béèrè ibi tí rélùwéè orí tábìlì ti ṣẹ̀ wá, Jámánì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn á dárúkọ fún yín. Wọ́n á ní ní 1891, ilé iṣẹ́ Märklin pàtẹ irin tó ṣeé so pọ̀ ní ọjà Leipzig, wọ́n sì fún fífẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹni tó ra tọdún yìí lè so tẹ̀míì mọ́ ọn. Òótọ́ ni, wọ́n sì mọ ọjà tà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń yí po lórí kápẹ́ẹ̀tì kò tíì kan ohun tí à ń wí. Ohun tí à ń wí ni kí àwọn ènìyàn pé yí tábìlì ká, kí ọ̀kan jẹ́ dírẹ́bà, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀, kí ọkọ̀ má ṣí àfi tí àṣẹ bá dé, kí wágọ̀nù iyọ̀ ní ibi tó ti wá àti ibi tó ń rè, kí aago sì máa lé gbogbo wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè gidi ni irú fàájì bẹ́ẹ̀ ti wá, pàápàá àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí irin kan ṣoṣo, irú èyí tó wọ Ìbàdàn ní 1901.

Níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ bá ti jọ ń lo irin kan, ẹ̀mí ènìyàn ló wà nínú pé ta ló máa kọ́kọ́ kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé àkókò nìkan ni wọ́n gbójú lé: ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ dúró de tọ̀hún ní ibùdókọ̀ báyìí. Tí tọ̀hún bá pẹ́, tìhín náà á jókòó síbẹ̀ ni. Ohun tó sú Charles Minot, ọ̀gá rélùwéè Erie ní Amẹ́ríkà, nìyẹn ní ọjọ́ 22 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1851. Ọkọ̀ tó wọ̀ dúró ní Turner, èyí tí wọ́n ń retí kò yọjú. Minot ní kí wọ́n tẹ wáyà sí Goshen níwájú, kí wọ́n dá ọkọ̀ yẹn dúró níbẹ̀ títí tòun á fi dé, ó sì ní kí dírẹ́bà máa wà á lọ. Dírẹ́bà kọ̀ jálẹ̀. Minot bá gorí ẹ́ńjìnnì, ó wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, dírẹ́bà sì lọ jókòó sí ìjókòó ìkẹyìn nínú kóòṣì ìkẹyìn, kó lè jẹ́ pé bí orí bá gbá orí, ẹ̀mí tirẹ̀ á yọ. Orí kò gbá orí. Bí àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ ní wáyà ṣe wọ iṣẹ́ rélùwéè nìyẹn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń lò lórí tábìlì títí dòní.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn, èyí tó tètè yé ọmọ Yorùbá jù. Wọ́n ya ọ̀pá kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún abala irin kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà tí kò bá ní ọ̀pá náà lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ abala yẹn, bó ti wù kí ojú irin mọ́ tó. Ẹ rántí bí àwọn ọba wa ṣe ń ránṣẹ́ láyé àtijọ́. Ikọ̀ á mú ọ̀pá ọba dání, ẹni tó rí ọ̀pá ti rí ọba, ẹni tó bá sì dé lọ́wọ́ òfìfo, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ. Àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá àwọn ọba ilẹ̀ yìí ṣe pọ̀. Èmi gbà pé ìdí nìyẹn tí òfin ọ̀pá kò fi ní ṣòro fún àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ rélùwéè. Èdè tí wọ́n fi kọ òfin náà lè ṣàjèjì, òye rẹ̀ ti wà nílé.

Àléébù ọ̀pá ni pé tí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ tẹ̀lé ara wọn lọ apá kan náà, ti àkọ́kọ́ ti gbé ọ̀pá lọ. Níbi tí wọ́n sì ti fi wáyà nìkan rọ́pò ọ̀pá, àṣìṣe akọ̀wé kan tó. Ní Thorpe lẹ́bàá Norwich, ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1874, wáyà tí kò yẹ kó jáde jáde, ọkọ̀ méjì sì forí sọra lórí irin kan. Ènìyàn 25 ló kú. Edward Tyer wá ṣe ẹ̀rọ kan ní 1878 láti dènà irú rẹ̀: àpótí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ̀kun abala irin, tí wáyà so pọ̀, tí àwo pẹlẹbẹ tí dírẹ́bà máa mú dání bí ọ̀pá wà nínú wọn. Bí ẹ bá ti mú àwo kan jáde nínú èyíkéyìí, àpótí méjèèjì ti tì pa. Kò sí èyí tó máa tú àwo mìíràn sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá dá ti àkọ́kọ́ padà, yálà níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún.

Agogo ló ń bá àpótí wọ̀nyí rìn. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ẹ ń pe ẹni ìpẹ̀kun kejì nìyẹn. Òun náà á lu ẹ̀ẹ̀kan padà. Ìlù mẹ́rin ń béèrè bóyá ojú irin mọ́ fún ọkọ̀ èrò tó ń sáré. Bó bá gbà, á lu mẹ́rin náà padà. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ẹ lu méjì. Bó bá ti wọlé sọ́hùn-ún tán pérépéré, á lu méjì, á sinmi, á lu ẹyọ kan. Ẹ gbé agogo méjì àti ọ̀pá kan sórí tábìlì láìsí ọkọ̀ kankan, ẹni méjì á lò ó fún wákàtí kan kò ní sú wọn. Ìdí tí mo fi ní eré ti wà nínú iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ọkọ̀ kékeré tà nìyẹn.

Ẹ̀rí tí àwọn alátìlẹyìn Märklin kì í fẹ́ dárúkọ wà ní York. Ní 1912, rélùwéè Lancashire and Yorkshire ṣe ojú irin kékeré kan fún ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Manchester, tó ní àmì, agogo àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí irin padà, láti fi kọ́ àwọn tó máa darí àmì. Ó ti wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní York báyìí. Àgbàlagbà ló wà nídìí rẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n sì wá kọ́. Ṣé ẹ máa sọ fún mi pé nígbà tí olùkọ́ bá jáde lọ jẹun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò ní dá ọkọ̀ kan pẹ́ mọ̀ọ́mọ̀, kí wọ́n wo bí ẹnìkejì á ṣe yọ ara rẹ̀? Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni fàájì náà ti jáde gbangba.

Ìbàdàn wá ńkọ́? Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó ní Èkó, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn, wọ́n ṣí i ní oṣù Mááṣì 1901. Fífẹ̀ irin náà jẹ́ mílímítà 1,067. Fún ọdún bíi mélòó kan, ìlú wa ni òpin ọ̀nà, kí irin tó gba Òṣogbo kọjá dé Ìlọrin ní 1908. Ẹni tó mọ eré yìí mọ̀ pé ibi tí ọ̀nà pin ló dùn jù. Ní ibùdókọ̀ ojú ọ̀nà lásán, ọkọ̀ á dé, á fọn fèrè, á lọ. Ní òpin ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì tó dé ti há sí iwájú. Ó gbọ́dọ̀ já ara rẹ̀ kúrò, kó sá síwájú, kó gba irin ẹ̀gbẹ́ yí kọjá, kó wá so mọ́ ìdí ọkọ̀. Á mu omi, á gba èédú, wọ́n á sì tún to wágọ̀nù kí ti Abẹ́òkúta má bàa há sáàárín ti Ìddó. Gbogbo iṣẹ́ yìí ń ṣẹlẹ̀ ní gbangba lọ́nà Dùgbẹ̀, ojú ọmọdé àti àgbà sì tó o. Àwọn ọmọ tó ń fi okùn so agolo sàdíìnì mọ́ra wọn, tí ọ̀kan ń fọn fèrè, tí ọ̀kan ń dá wọn dúró pẹ̀lú àkísà pupa, mo rò pé wọ́n ti sún mọ́ òótọ́ eré yìí ju ọmọ olówó Leipzig lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ní Frank Ellison ti New Orleans ni baba ìsàlẹ̀ eré yìí. Iṣẹ́ tíátà ló ṣe tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940 ó ń kọ̀wé nípa ojú irin rẹ̀, Delta Lines, ó ní tábìlì ni ìtàgé, ọkọ̀ ni òṣèré, ìwé àkókò ni ìtàn eré. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ohun kan lórúkọ kọ́ ló bí i.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ ká wò. Norman Eagles wa ọkọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ lórí ojú irin kékeré rẹ̀, Sherwood Section, pẹ̀lú agogo àti ìwé àkókò. Ọkọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ kò ní wáyà tí ẹ lè fi dá a dúró láti òkèèrè, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ máa yí kó tó gbé ọkọ̀ dé ibùdókọ̀ láì gbà á kọjá. Peter Denny, àlùfáà Ṣọ́ọ̀ṣì Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ojú irin Buckingham rẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bó bá dá wà, kò sí ẹni tó máa lu agogo padà. Ó bá ṣe ẹ̀rọ kan tó mọ ètò ọkọ̀ ọjọ́ náà látòkèdélẹ̀, tó ń lu agogo láti fi ọkọ̀ lọ̀ ọ́, tó sì ń dáhùn èyí tó bá lù. Ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sọ ẹ̀rọ náà: Automatic Crispin. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé agogo òṣìṣẹ́ ni ọkàn eré yìí, kó ronú ìdí tí àlùfáà fi jókòó ṣe ẹ̀rọ torí kí agogo má bàa dákẹ́.

Ìyókù kò gba àkókò. Ní 1961 Doug Smith ṣàlàyé bí a ṣe ń fún wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní káàdì àti wébìlì, ìwé tó ń sọ ẹrù tó gbé àti ibi tó ń lọ. Ní àwọn ọdún 1990, NMRA, ẹgbẹ́ àwọn oní-rélùwéè kékeré ti Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì méjì fi lè wà lórí irin kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì gbọ́ tirẹ̀, láti inú iṣẹ́ Lenz ti Jámánì. Fóònù ti ń wa ọkọ̀ báyìí. Ní Ìbàdàn, irin tuntun olójú méjì láti Èkó dé Mọ́níyà, kìlómítà 157, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Júùnù 2021. Ó yá, ó sì tutù. Ṣùgbọ́n ojú irin méjì kò nílò ọ̀pá, nítorí náà fún tábìlì, ti 1901 ni mo fara mọ́.

Èyí sì ṣeé ṣe láìná owó rẹpẹtẹ. Irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù láyé fẹ̀ ní mílímítà 16.5. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 64, ẹ máa rí 1,056, tó fi mílímítà 11 péré dín sí irin wa. Nítorí náà ẹ lo irin ọjà, kí ẹ sì fúnra yín kan ara wágọ̀nù ní ìdá kan nínú 64. Àwọn ará New Zealand tí irin tiwọn fẹ̀ bíi tiwa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wágọ̀nù tó gùn ní mítà 8 á di sẹ̀ǹtímítà 12.5.

Pákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 240, tó fẹ̀ ní 45, tó. Láti ìpẹ̀kun Ìbàdàn: 25 fún ẹ́ńjìnnì láti sá sí, 20 fún pọ́íǹtì àkọ́kọ́ (ibi tí irin ti pín sí méjì), 70 fún irin ẹ̀gbẹ́ tó gba ẹ́ńjìnnì àti wágọ̀nù mẹ́rin, 20 fún pọ́íǹtì kejì, 30 fún ojú ọ̀nà, 75 fún Ìddó tí ẹ fi pákó bò. Ìddó yẹn kì í ṣe ibùdókọ̀ gidi. Pátákó tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ ni, pẹ̀lú irin mẹ́ta lórí, sẹ̀ǹtímítà 5 síra wọn. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe ni 25 àkọ́kọ́: wọ́n á gé e kù sí 15 kí ilé ìtajà lè gbà, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè kọjá pọ́íǹtì mọ́. Òpin ọ̀nà kò sí mọ́ nìyẹn.

Fún ọ̀pá, ẹ ra jáàkì ńlá tí wọ́n ń kì bọ gìtá, ẹ so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ nínú, kí ẹ sì fi igi gígùn ṣe ìdí rẹ̀. Ihò jáàkì méjì, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Ìddó, ni iná ojú ọ̀nà máa gbà kọjá. Ẹni tó bá ki ọ̀pá bọ ihò tirẹ̀ ló ní iná. Ẹ má ra ihò sítẹ́rió, ọwọ́ kẹta inú rẹ̀ kò wúlò níbí. Bátìrì volt 12 kan lè gbé gbogbo rẹ̀ tí iná bá lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi fíyúùsì sí ẹnu rẹ̀, torí ọkọ̀ tó yẹ̀ kúrò lójú irin máa ń pa wáyà pọ̀.

Aago ẹ jẹ́ kó sáré ní ìlọ́po mẹ́rin: ìṣẹ́jú 15 ni wákàtí kan. Eré kìlómítà 40 ní wákàtí á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títo wágọ̀nù kò sì gbọ́dọ̀ ju 3.5 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wà á ní ìlọ́po mẹ́ta èyí, ètò wákàtí mẹ́fà á sì parí kí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù.

Wébìlì onígun mẹ́rin ló dára: iyọ̀ láti Ìddó sí Ìbàdàn, kó dúró lófìfo, ekuro láti Ìbàdàn sí Ìddó, òfìfo sí Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti igun àkọ́kọ́, torí iyọ̀ gbogbo Èkó á wọ Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà, kò sì ní sí ibi tí ẹ́ńjìnnì máa gbà. Bí wágọ̀nù bá ti kún ju ìdajì irin lọ, ẹ kó díẹ̀ kúrò.

Nígbà ọyẹ́, eruku á jókòó sórí irin láàárín òru kan. Ẹ fi aṣọ òwú àti sípíríìtì nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ nu ẹsẹ̀ wágọ̀nù náà, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ti ń padà wá. Ní àkókò òjò, pákó púláì á wú. Ẹ fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti etí rẹ̀, kí ẹ sì fi àlàfo mílímítà kan sí oríkèé irin, pàápàá tí páánù bá wà lórí yàrá náà láìsí àjà.