Ẹ̀sìn àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ìtọ́jú àyíká ní Abẹ́òkúta

Ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àyíká kan ojúbọ, mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kan yàrá àyẹ̀wò àwọn onímọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣe olórí wọn, ló tẹ ìlú náà dó ní 1830, sábẹ́ Òkúta Olúmọ, Odò Ògùn sì là á kọjá. Ìṣẹ̀ṣe, Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kìrìsítẹ́nì ló gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní ti ìmọ̀, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ (FUNAAB), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà ní Alábàtà, ó sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ igbó, ẹranko igbó, omi àti ìdọ̀tí àyíká. Onímọ̀ lè wọn ohun tó wà nínú omi, àmọ́ kò ní ìjọ tí ń jókòó gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àlùfáà ní ìjọ, kò ní ohun ìwọ̀n. Àìní ìhà méjèèjì yìí ló mú kí wọ́n nílò ara wọn.

Ìpìlẹ̀

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń jókòó pọ̀ ní ìlú yìí. Àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà ló dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní 1895. Ní àárín ọdún 1950 sí 1959, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, tí a bí ní Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra dípò kí ó lé wọn. Wọ́n mọ ètò yìí káàkiri àgbáyé, ó sì fi hàn pé dókítà lè jókòó ti bàbáláwo láìsí pé ẹnì kankan nínú wọn pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ àyíká gan-an, àwọn olórí ẹ̀sìn márùn-ún pàdé ní Assisi, ní Ítálì, ní 1986. Ní 2015, Póòpù Francis gbé ìwé Laudato Si' jáde lórí ìtọ́jú àyíká, àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí náà sì kéde ìdúró wọn lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní Istanbul ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà.

Omi

Yemọja ni àwọn oníṣẹ̀ṣe mọ̀ ní òrìṣà Odò Ògùn, ojúbọ rẹ̀ pàtàkì sì wà ní Ìbarà. Ní ọ̀pọ̀ ojúbọ olómi nílẹ̀ Yorùbá, èèwọ̀ ni kí ènìyàn ṣe ìgbẹ́ sétí omi tàbí kí ó da ẹ̀gbin sínú rẹ̀. Onímọ̀ a máa wá kòkòrò kan tó ń jẹ́ E. coli nínú omi, nítorí inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ló ń gbé. Bí ó bá rí i, ó ti mọ̀ pé ìgbẹ́ ti dé inú omi náà. Ohun kan náà ni èèwọ̀ ń ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Odò yìí kan náà ni ìlú ń mu. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ omi Àrákàngá ti ń fà á, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ lè di ṣìkìtì kí ó sì rọ̀ sísàlẹ̀, kí wọ́n tó fi kílóríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀. Lókè ìlú, ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, lè gba nǹkan bí 270 mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́ta omi. Bí odò bá ṣe dọ̀tí tó ni ohun tí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ ṣe máa pọ̀ tó.

Ní ti Mùsùlùmí, hádíìsì fi hàn pé mudd omi kan ni Ànábì Muhammad máa ń fi ṣe àlùwàlá, òṣùwọ̀n tí kò tó lítà kan. Bùtá ike tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí ń mú èyí rọrùn: omi inú rẹ̀ ní ìwọ̀n, ẹni tó ń dà á sì ń rí i bí ó ṣe ń tán lọ. Ẹ̀rọ omi tí a ṣí sílẹ̀ títí a ó fi fọ ẹsẹ̀ tán kò ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọ ṣọ́ omi lò kò nílò òfin tuntun, nítorí sunnah ti ṣe é.

Aró

Ìtòkú ni ọjà àdìrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ Abẹ́òkúta mọ́. Láyé àtijọ́, ewé èlú ni àwọn ìyá aláró ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń rẹ sínú omi eérú títí yóò fi bà. Kòkòrò inú ìkòkò ló ń fa ọ́síjìn kúrò lára aró kí ó lè yọ́ wọ inú òwú. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ni yóò ní. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò di aró lójú ẹni tó ń wò ó. Lónìí, kẹ́míkà méjì, kọ́ọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite, ló ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìṣòro wà níbi omi tí wọ́n dà nù. Hydrosulphite kì í dáwọ́ dúró nítorí pé aṣọ ti jáde. Bí ó bá dé inú ìṣàn, yóò máa fa ọ́síjìn inú omi, ẹja yóò sì ṣàìrí ohun mí. Sódà ní tirẹ̀ a máa jó ara, kì í sì í jẹ́ kí ohun abẹ̀mí inú omi gbádùn. Àwọn aláró a máa bọlá fún Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin. Ohun tí onímọ̀ lè mú wá bá wọn rọrùn: kòtò tí omi aró yóò ti dúró kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí wọ́n sì dín agbára sódà rẹ̀ kù kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gba ẹnu ìyálájé àwọn aláró fúnra wọn jáde, yóò wọ̀ wọ́n létí ju ìwé ìkìlọ̀ ìjọba lọ.

Igún

Ibi tí àjọṣe yìí ti le jù ni ọ̀rọ̀ igún. Gbogbo Yorùbá ló mọ̀ ọ́n: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Igún ló ń gbá ojú odò ẹran mọ́, nítorí oje inú rẹ̀ le tó láti pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó wà lára òkú ẹran. Níbi tí igún kò bá sí mọ́, ajá, eku àti eṣinṣin ni yóò jogún iṣẹ́ rẹ̀, àwọn yìí sì ń kó àrùn wọlé.

Ní 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ ohun abẹ̀mí kí wọ́n má bàa run, ka igún onífìlà, Necrosyrtes monachus, mọ́ àwọn ẹyẹ tí ìparun ti dé tán sí. Májèlé wà lára ohun tó ń pa á, ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wíwá orí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn àti ètùtù jẹ́ ohun pàtàkì. Ẹ̀sìn tó ní èèwọ̀ yẹn náà ni àwọn kan nínú rẹ̀ ń ra igún lọ́dọ̀ lékulẹ́jà. Ó yẹ kí a sọ èyí láìfi bò. Nigerian Conservation Foundation ti bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jókòó láti wá ewé àti egbò tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, nítorí oníṣègùn nìkan ló lè sọ fún oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ewé báyìí ń jẹ́.

Ìrókò

Ẹ̀rù Olúwéré, ẹ̀mí tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú ìrókò, ni kì í jẹ́ kí wọ́n dédé gé ìrókò. Àwọn tó ń la pákó mọ ohun mìíràn nípa rẹ̀: ayùn a máa ṣàdédé kan òkúta nínú igi náà, eyín rẹ̀ a sì ká. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí ní Côte d'Ivoire rí i pé ìrókò ń gba èéfín carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ́ di oxalate nínú ara rẹ̀, àwọn kòkòrò àti olú inú ilẹ̀ sì ń sọ ìyẹn di òkúta ẹfun. Bí a bá dáná sun igi, èéfín inú rẹ̀ á padà sójú ọ̀run, ṣùgbọ́n èyí tó ti di òkúta lè wà nílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ìrókò kan tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí òrìṣà ti ń ṣiṣẹ́ lórí ojú ọjọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ti gbígbin igi, hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá sọ pé ohun tí ẹyẹ, ènìyàn tàbí ẹranko bá jẹ lára igi tí Mùsùlùmí gbìn, sàárà ni fún un. Jẹ́nẹ́sísì 2:15 nínú Bíbélì Yorùbá ní Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà Édẹ́nì láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni ríro, ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ ni ṣíṣọ́, kò sì sí ẹni tó ní oko tí kò mọ̀ pé méjèèjì ń lọ pọ̀ ni.

Omíyalé

Ní 13 oṣù keje 2018, òjò ńlá kan fa omíyalé tó gba ẹ̀mí ènìyàn púpọ̀ ní Abẹ́òkúta. Òkúta ló wà lábẹ́ ìlú náà, ilẹ̀ tó bò ó kò nípọn lọ́pọ̀ ibi, nítorí náà òjò kì í rí ibi wọ̀ tó. Ó ń di àgbàrá kíákíá láti orí òkè sí àfonífojì. Sìmẹ́ńtì àgbàlá àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ìṣàn ń mú un burú sí i. Nígbà tí àgbàrá bá dé gọ́tà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni yóò kọ́kọ́ dí ẹnu rẹ̀, ewé á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, iyanrìn á jókòó lé ewé, omi á sì gba ojúlé lọ.

Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan a máa ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Kùránì 30:41 kò gbà bẹ́ẹ̀: ó ní ìbàjẹ́ hàn lórí ilẹ̀ àti nínú òkun nítorí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Gbólóhùn yìí àti àlàyé onímọ̀ omi kò takora.

Àríyànjiyàn

Wọ́n ti ń bá ilé ẹ̀sìn wí náà. Ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn jẹ́ ìdọ̀tí àyíká, àwọn ilé ìjọsìn kan sì wà lójú ọ̀nà omi. Nínú ètùtù mìíràn, ìgò àti ọ̀rá ń bá ẹbọ lọ sétí odò, bẹ́ẹ̀ ewé ni àwọn baba ńlá fi ń dì í. Lọ́wọ́ kejì, a sábà máa ń pe lémọ́ọ̀mù àti àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì sí ìpàdé lórí àyíká, kí a sì gbàgbé àwọn oníṣẹ̀ṣe tí èèwọ̀ wọn ń ṣọ́ igbó.

Èdè ló kù. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn yunifásítì fi ń kọ èsì àyẹ̀wò Odò Ògùn, ní ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní Yorùbá ní 1859. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń pè ní BOD ń sọ bí ohun tó ń jẹrà nínú omi, irú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wá láti odò ẹran Lafẹ́nwá, yóò ṣe gba ọ́síjìn tó. Kò ṣòro fún lémọ́ọ̀mù láti sọ ọ́ fún àwọn alápatà ní Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá pé ẹ̀jẹ̀ ẹran ń gba èémí lọ́wọ́ ẹja.