PageRank

PageRank ni ìṣirò tí Larry Page àti Sergey Brin ṣe ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó dá Google sílẹ̀ ní 1998, líǹkì ló fi ń mọ bí ojú-ewé kan ṣe ṣe pàtàkì tó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí sáìtì kan bá gbé líǹkì sáìtì míì sórí ara ẹ̀, ẹ̀rí ló ń jẹ́ fún un yẹn. Èrò yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn o, torí láti 1964 ni Eugene Garfield ti ń tẹ Science Citation Index jáde, tó ń ka iye ìgbà táwọn onímọ̀ tọ́ka sí iṣẹ́ ara wọn, Robin Li tó padà dá Baidu, ẹ̀rọ ìwáǹkan ilẹ̀ Ṣáínà, sílẹ̀ náà sì ti lo líǹkì nínú RankDex, ẹ̀rọ ìwáǹkan tó kọ́kọ́ ṣe, ní 1996.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀

Ẹ̀rí ju ẹ̀rí lọ. Ojú-ewé tí máàkì tiẹ̀ bá ga, líǹkì ẹ̀ máa ń wúwo, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pín máàkì náà dọ́gba fún gbogbo ojú-ewé tó bá gbé líǹkì wọn. Ká ní máàkì ẹ̀ jẹ́ 6 tó sì ní líǹkì 3, 2 ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá jẹ́ líǹkì 60 ló kó síbẹ̀, 0.1 péré ni. Wọ́n tún ní ká wo ẹnì kan tó kàn ń tẹ líǹkì kiri: nínú ìgbà 100, ìgbà 85 ló máa tẹ líǹkì tó wà níwájú ẹ̀, ìgbà 15 tó kù á fò lọ síbòmíì. Fífò yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí tí ò bá sí i, àwọn ojú-ewé tó jẹ́ pé ara wọn nìkan ni wọ́n ń gbé líǹkì fún á gbé máàkì mì, kò ní jáde mọ́.

Ibi tó dùn jù nìyí: máàkì A dúró lórí ti B, ti B náà tún lè dúró lórí ti A, èwo la fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀? Wọ́n á fún gbogbo wọn ní máàkì kan náà, wọ́n á ṣírò, wọ́n á tún un ṣírò títí nọ́ńbà ò fi ní yí padà mọ́. Lórí líǹkì mílíọ̀nù 322 tí wọ́n fi dán an wò, bí ìgbà 52 péré ló gbà kó tó rọlẹ̀.

TrustRank

Máàkì gíga nìkan ò sọ pé sáìtì ṣe é fọkàn tán, torí ẹnì kan lè ṣí ẹgbẹ̀rún sáìtì kó máa fi gbogbo ẹ̀ jẹ́rìí ara ẹ̀. Ní 2004 ni Zoltán Gyöngyi, Hector Garcia-Molina àti Jan Pedersen gbé TrustRank jáde. Èèyàn ló kọ́kọ́ fojú ara ẹ̀ yẹ àwọn sáìtì kan wò, wọ́n mú 178 tó dájú, ìgbẹ́kẹ̀lé á wá máa ti ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ṣàn lọ, bó ṣe ń jìnnà ló ń dín kù. Ohun tí wọ́n gbé e lé ni pé sáìtì gidi kì í sábà gbé líǹkì sáìtì èké. Ó jọ pé òun ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìfọkàntán jù nínú àwọn ìṣirò ìgbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Stanford àti Yahoo, ilé-iṣẹ́ ìwáǹkan míì, ló ti wá, kì í ṣe Google.

Àwọn àyípadà míì

Ní 2005, Google, Yahoo àti MSN jọ gba àmì nofollow, tó ń sọ pé líǹkì kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù kẹrin 2012 ni Google gbé Penguin, àtúnṣe kan sí ètò ìwáǹkan wọn, jáde láti fi kojú àwọn tó ń ra líǹkì, nígbà tó di 2016 wọ́n yọ máàkì PageRank kúrò níbi tí ará ìta ti lè rí i.