Ìyá Èèrà Ló Yẹ Kí Oògùn Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ̀: Bí Kòkòrò Ìgbèríko Apá Gúúsù Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà Ṣe Ń Gbé àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Kápá Wọn

Ẹni tó bá kó kúrò ní Chicago tàbí New York lọ ra ilé àti éékà ilẹ̀ méjì ní ìgbèríko Georgia, Alabama, Mississippi tàbí ìlà-oòrùn Texas, kì í pẹ́ kó tó rí i pé ilẹ̀ náà ti ní onílẹ̀ kí òun tó dé. Òtútù ibẹ̀ kì í sábà le, kì í sì í pẹ́. Ilẹ̀ kì í dì jinlẹ̀ débi tí yóò fi pa ohun tó sá sínú rẹ̀. Òjò ń rọ̀ dáadáa, ooru ń mú, ọ̀rinrin sì ń gbé inú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó á dá afẹ́fẹ́ yẹn mọ̀ lára. Àwọn kòkòrò ibẹ̀ ni kò jọ ti ilé tán. Ohun tó sì ń mú àlejò ṣìṣe ni pé èyí tí ojú rẹ̀ rí ló máa ń gbá mú. Á ra agolo oògùn, á fín in, àwọn tó wà níta á kú, ọ̀sẹ̀ méjì kò ní pé tí wọ́n á fi kún padà. Ibi tí wọ́n ti ń bí sí i wà níbòmíràn.

Èèrà iná ni àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Fire ant ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó pupa rúsúrúsú, kò sì tóbi rárá. Òkìtì rẹ̀ dà bí ibi tí ènìyàn fi ọkọ́ tú sílẹ̀ láàrin koríko: iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kò sì sí ẹnu ọ̀nà kankan lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan òkìtì yìí lè má mọ nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n á ti rọ́ gun ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó mọ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ẹni pé wọ́n gba àṣẹ kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á fi ẹnu di awọ mú ṣinṣin, á tẹ ìdí wálẹ̀, á ta, á yí díẹ̀, á tún ta. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, gbogbo ojú ibi tó ta ti di ìléròrò funfun kéékèèké. Kò yẹ kí ènìyàn fọ́ ọ, nítorí ìdọ̀tí lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá ń wú, tí èémí rẹ̀ kò já geere, 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, ni kí wọ́n pè lójú ẹsẹ̀, nítorí ara àwọn kan kò gba oró yẹn rárá.

Èèrà yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Agbègbè Bràsíl àti Argẹntínà ló ti wá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé èbúté Mobile, ní Alabama, ní àwọn ọdún 1930. Lára àwọn tó kọ́kọ́ kíyè sí i níbẹ̀ ni E. O. Wilson, ọmọdékùnrin tó ń gbé nítòsí èbúté náà ní 1942, tó padà di gbajúgbajà onímọ̀ nípa èèrà. Ní 1957, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pinnu láti pa gbogbo rẹ̀ run. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n dieldrin àti heptachlor, oògùn olóró líle méjì, sórí oko àti igbó. Ẹyẹ kú, ẹja kú, ẹran ọ̀sìn kú. Èèrà iná padà wá. Ìdí rẹ̀ ni pé oògùn yẹn tún pa àwọn èèrà ìbílẹ̀ tí wọ́n ń bá a du oúnjẹ, tí wọ́n sì ń pa àwọn ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Ilẹ̀ wá ṣófo, kò sì sí kòkòrò tó yára gba ilẹ̀ tó ṣófo bíi tirẹ̀. Ohun kan náà ni onílé tó ń da oògùn káàkiri àgbàlá rẹ̀ ń ṣe lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kéré. Òun gan-an ló ń tún ilẹ̀ ṣe de èèrà iná.

Ìyá èèrà ni gbogbo ilé wọn dúró lé. Òun ló ń yé ẹyin, kì í sì í jáde. Òkìtì mìíràn ní ìyá kan ṣoṣo, òmíràn ní ọ̀pọ̀, ihò wọn sì lè wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan. Oògùn tí wọ́n bá fín sí ojú òkìtì kì í dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ́kù á gbé ìyá wọn, wọ́n á kó lọ sí ibòmíràn nínú àgbàlá kan náà. Ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọ̀nà oúnjẹ, ìyẹn sì gba àlàyé díẹ̀.

Èèrà tó ti dàgbà kò lè gbé ohun líle mì. Omi, òróró àti nǹkan tó bá ti yọ́ nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ gbà. Bó bá rí oúnjẹ líle, á gbé e lọ fún ìdin, ìyẹn ọmọ èèrà, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà. Ìdin yẹn á yọ́ ọ di omi, á bì í jáde fún wọn, àwọn náà á sì máa fi ẹnu kan ẹnu pín in títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn tó ń ṣe ìdẹ fún èèrà iná mọ èyí. Wọ́n á rẹ hóró àgbàdo lílọ̀ sínú òróró sóyà tí wọ́n ti po oró díẹ̀ mọ́. Oró náà kò gbọ́dọ̀ yára: bó bá pa ọmọ iṣẹ́ lójú ọ̀nà, kò ní dé ilé. Oró bíi hydramethylnon máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn mìíràn, bíi methoprene, kì í pa àgbà èèrà rárá; ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹyin ìyá kò ní di ọmọ iṣẹ́ mọ́, ilé náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan bí àwọn àgbà ṣe ń kú tí kò sí arọ́pò.

Ibí ni a ti lè rí i pé ìmọ̀ràn kan tí wọ́n máa ń fún àlejò kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní kí ó da grits gbígbẹ, àgbàdo lílọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń sè jẹ láàárọ̀ bí a ṣe ń mu ògì, sórí òkìtì. Pé bí èèrà bá jẹ ẹ́ tó sì mu omi lé e, ikùn rẹ̀ á wú, á bẹ́. Ohun tí kò lè gbé mì kò lè wú u níkùn. Àwọn tó ní ó ṣiṣẹ́ fún wọn, èèrà wọn kó lọ ni. Bẹ́ńtírò tí àwọn mìíràn máa ń dà sórí òkìtì sì burú ju grits lọ: ó ń ba ilẹ̀ àti omi kànga jẹ́, ó sì lè gbiná.

Àkókò ni ìdẹ gbà jù. Òróró inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tíì kan, nítorí náà, ìdẹ tó ti ṣí sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá kò wúlò. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí òjò má sì rọ̀ fún bíi wákàtí 24 lẹ́yìn rẹ̀. Ooru tó wà láàrin 18 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára, nítorí ìgbà yẹn ni èèrà ń jáde wá oúnjẹ; bí ọ̀sán bá gbóná jù, ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n dúró dè. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán an wò rọrùn. Kí wọ́n fi ọ̀dùnkún díndín bẹ́lẹ́bẹ́lẹ́ kan, irú èyí tó wà nínú ọ̀rá, sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì. Bí èèrà bá ti bò ó láàrin ìdajì wákàtí, àkókò ti tó. Fífọ́n ni wọ́n ń fọ́n ìdẹ náà káàkiri gbogbo àgbàlá, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Kò yẹ kí wọ́n kó o jọ sórí òkìtì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n á wá dojú kọ kìkì òkìtì tó wà níbi tí ọmọdé ń ṣeré tàbí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n fún un ní oògùn tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Yunifásítì Texas A&M nìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ oògùn lè da omi gbígbóná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, bíi gálọ́ọ̀nù mẹ́ta, sórí òkìtì kan. Ó ń pa nǹkan bíi mẹ́fà nínú òkìtì mẹ́wàá, àmọ́ ó ń pa koríko náà, ó sì lè bó ènìyàn. Kí wọ́n ka ara agolo kí wọ́n tó fọ́n ìdẹ kankan sínú ọgbà ẹ̀fọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò tọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀fọn kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ibà ẹ̀fọn gan-an ló jẹ́ kí CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, fi Atlanta ṣe ibùjókòó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1946, nítorí Gúúsù ni ibà náà ti ń jà. Ní 1951 ni wọ́n kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń yọ onílé lẹ́nu jù lónìí ni èyí tó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, tó ń jẹ ènìyàn lójú ọ̀sán gangan. Houston ni wọ́n ti rí i ní 1985, nínú táyà àlòkù tó ti Éṣíà wá. Kì í fò jìnnà. Èyí tó bá jẹ ènìyàn nínú àgbàlá rẹ̀, inú àgbàlá yẹn tàbí ti aládùúgbò ni wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá ń fín afẹ́fẹ́, èyí tó ń fò nìkan ló ń pa. Tanwíjí ń bẹ nínú àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó, nínú gọ́tà òrùlé tí ewé ti dí, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilé. Láàrin bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹyin á ti di ẹ̀fọn. Dídà omi nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń já ìyẹn. Omi tí kò ṣeé dà nù, oògùn rìbìtì tó ní Bti nínú ni wọ́n ń jù sí i: bakitéríà yìí ń pa tanwíjí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, kì í sì í ṣe ẹja tàbí ajá ní nǹkan kan.

Eégbọn ló yẹ kí àlejò bẹ̀rù ju èèrà lọ, mo sì fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn ẹran ka ibí yìí dáadáa. Eégbọn kan wà tí wọ́n ń pè ní lone star. Abo rẹ̀ ní tóótóó funfun kan ṣoṣo lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá jẹ, ara rẹ̀ lè kọ ẹran màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣàkì àti pọ̀nmọ́ wà níbẹ̀. Adìẹ àti ẹja kò sí. Alpha-gal ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ohun tó mú kó ṣòro láti mọ̀ ni pé kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ènìyàn á jẹ ẹran lálẹ́, á sùn, lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́fà ara á máa hún un, ikùn á máa lọ́ ọ, nígbà mìíràn èémí á máa há. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń gbé ìgbèríko, kí ó sọ fún dókítà pé eégbọn ń bẹ ní agbègbè òun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún un.

Etí igbó àti koríko gíga ni eégbọn ń gbé. Kì í fò. Á dúró sórí ewé, á na ẹsẹ̀ iwájú, á sì dè mọ́ ohunkóhun tó bá kọjá. Ìdí nìyẹn tí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ yí ilé ká fi ń ṣiṣẹ́, tí kíki ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀ náà sì fi ń ṣiṣẹ́. Permethrin ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fín sára aṣọ àti bàtà, kì í ṣe sára awọ. Kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ kí ológbò tó sún mọ́ ọn, nítorí ó lè pa á. Bí wọ́n bá wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru gíga gbẹ aṣọ ń pa èyí tó fara pamọ́. Èyí tó bá ti so mọ́ awọ, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fi di orí rẹ̀ mú nítòsí awọ, kí wọ́n fà á sókè ṣánṣán láìlọ́ ọ. Kí wọ́n má fi iná kàn án, kí wọ́n má fi òróró bò ó. Ibà àti orí fífọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi paracetamol dá dúró sílé.

Aáyán ńlá kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní South Carolina, níbi tí abúlé Ọ̀yọ́túnjí wà láti 1970, palmetto bug ni wọ́n ń pè é. Ìta ló ń gbé, omi ló sì ń wá wọlé. Dídí ihò ìdí páìpù ń ṣe é ju oògùn lọ.

Ó wá ku ikán. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìgbèríko Gúúsù, ikán ibẹ̀ kì í sì í kọ́ ògán tí ojú lè rí. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, nítorí awọ ara rẹ̀ kò gba gbígbẹ. Bó bá fẹ́ dé ibi pákó, á fi ẹrẹ̀ kọ́ ọ̀nà bíi fèrè tẹ́ẹ́rẹ́, kò nípọn ju pẹ́ńsù lọ, gun ògiri ìpìlẹ̀. Onílé tó bá ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ìdí ilé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló ń tètè rí i. Kí iyẹ̀pẹ̀ àti èèpo igi tí wọ́n ń tò sídìí òdòdó má kan pákó ara ilé, ó kéré tán kí ó tó íńṣì mẹ́fà sí i. Ìṣùpọ̀ igi ìdáná kò gbọ́dọ̀ fara ti ògiri. Iṣẹ́ oògùn abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe ti onílé; àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló ń ṣe é, wọ́n sì máa ń ta àdéhùn ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní termite bond. Kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i béèrè bóyá oògùn nìkan ni wọ́n á tún fi, tàbí wọ́n á tún pákó tó bàjẹ́ ṣe pẹ̀lú. Iye owó méjèèjì kò dọ́gba, ìbánigbófò ilé kì í sì í sábà san owó ohun tí ikán jẹ.

Ní alẹ́ oṣù karùn-ún lẹ́yìn òjò, èsúnsún lè bo gílóòbù ìta. Nílé, àwọn ọmọdé á ti gbé abọ́ omi sábẹ́ iná. Ní New Orleans tàbí Houston, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ikán Formosa, èyí tó ti Éṣíà bá ọkọ̀ ojú omi wá, tó sì ń jẹ ilé kíákíá ju ti ìbílẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ìta nìkan ló wà, kí wọ́n pa iná. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá wà lójú fèrèsé nínú ilé, kí wọ́n má gbá a dànù. Kí wọ́n mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ìgò kékeré kí wọ́n sì wò ó: bí ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gùn dọ́gba, tí ìbàdí kò sì há, ikán ni, bí ìyẹ́ iwájú bá gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, tí ìbàdí sì há tínrín, èèrà tó ń fò ni. Kí wọ́n gbé ìgò náà fún ẹni tó bá wá yẹ ilé wò, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì Extension, níbi tí wọ́n ti ń gba àgbẹ̀ àti onílé nímọ̀ràn, ní county (ìjọba ìbílẹ̀) wọn.