Kí ni díìsì tó tóbi ń ṣe fún bíréékì ọ̀kadà?

Bí ọlọ́kadà bá fa bíréékì ọwọ́, òróró bíréékì á ti písítìn inú kálípà (ohun tó gbé páàdì dání), písítìn á fi páàdì méjèèjì há díìsì, irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, mọ́ àárín. Bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn ni eré ń dín kù, tí díìsì ń gbóná. Eré tó bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin: ẹni tó fi 60 kìlómítà ní wákàtí já sí Ọláìyá ní Òṣogbo kó tó tẹ bíréékì, ooru tó máa kó sí díìsì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tó fi 30 débẹ̀.

Ọ̀kadà tó gbé èrò méjì àti àpò ìrẹsì láti Ọjà Ọba lọ sí Òkè-Baálẹ̀, tó ń dúró tó ń gbéra látàárọ̀, díìsì rẹ̀ kì í ráyè tutù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí bíréékì ọwọ́ bá le koránkorán àmọ́ tí ọ̀kadà ò dúró, páàdì ló ti gbóná kọjá agbára rẹ̀. Bó bá rọ̀, tó ń wọlé títí ó fi kan gíríìpù, ó ṣeé ṣe kí òróró ti hó, kí atẹ́gùn sì wà nínú páìpù. Díìsì tuntun kò lè wo ti ìkejì yìí sàn. Oríṣi òróró bíréékì ni DOT 3 àti DOT 4: DOT 3 tuntun kì í hó kó tó kan 205°C, DOT 4 kì í hó kó tó kan 230°C. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, bí omi bá sì ti wọ̀ wọ́n, wọ́n lè hó ní nǹkan bí 140°C àti 155°C.

Díìsì tó fẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ kí páàdì mú un níbi tó jìnnà sí àárín táyà, agbára kan náà á sì dá táyà dúró dáadáa. Láti 240mm sí 260mm, èrè rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Kálípà gbọ́dọ̀ sún síta pẹ̀lú bírákẹ́ẹ̀tì (irin tó dì í mú) tó bá a mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, páàdì ò ní bo ojú díìsì tán. Èyí tó nípọn ní irin púpọ̀ láti gba ooru kó tó gbóná gan-an. Ihò ara díìsì ń lé omi òjò àti erùpẹ̀ kúrò, àmọ́ bó bá pọ̀ jù, irin ló ń jẹ. Ẹwà lásán ló kù.

Kí wọ́n tó rà, ó dára kí wọ́n wọn èyí tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà MIN TH, ìyẹn ibi tí díìsì lè tinrín dé, sábà máa ń wà lára rẹ̀: ibi tí páàdì ń há ni wọ́n ń wọ̀n, nítorí etí òde tí páàdì kì í kàn máa ń nípọn ju ibi tó ti jẹ lọ, ó sì ń tan ni jẹ. Bó bá ti tinrín kọjá nọ́ńbà yẹn, tuntun ni kí wọ́n rà. Ọ̀pọ̀ Bajaj Boxer ìgboro, bíréékì ṣúù ló ní, kì í ṣe díìsì, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wọ́n.

Páàdì tuntun ni kó bá díìsì tuntun rìn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa fa bíréékì díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ò pọ̀, láì dúró pátápátá, kí páàdì lè jókòó dáadáa sójú rẹ̀.