Níbo ni wọ́n ti gé e? Bí òfin Yúróòpù lórí ọjà tó ń pa igbó run ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá kúrò ní Àbújá tó ń gba Lọ́kọ́ja lọ sílé yóò rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bó bá ti kọjá Gwagwalada: àpò èédú tí wọ́n tò lọ gbọọrọ, tí wọ́n fi ewé tútù dí lẹ́nu, tí wọ́n fi okùn so ó, tí ewé náà sì ti ń rọ nínú oòrùn. Púpọ̀ nínú irú èédú bẹ́ẹ̀ ń lọ sí ìdí ààrò ní Nyanya, Kubwa àti Mararaba, àgàgà nígbà tí gáàsì bá gbówó lórí. Ṣùgbọ́n èédú Nàìjíríà tún ń wọ kọ̀ǹtéńà, ó ń gba èbúté Èkó lọ sí Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń fi yan ẹran nígbà ooru. Àpò tó ń lọ sí Kubwa, ẹnikẹ́ni kì í bi í níbi tó ti wá. Èyí tó ń lọ sí Yúróòpù ni òfin tuntun kan fẹ́ máa bi.

Nọ́ńbà òfin náà ni 2023/1115, orúkọ tí àwọn oníṣòwò ń pè é ni EUDR. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ṣe é, ó sì fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọdún 2023. Òfin yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà má gé igi. Yúróòpù kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ wa. Ẹnu ọ̀nà ọjà tirẹ̀ ló dúró sí: ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù wọlé, kó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn. Ẹrù méje ló kàn, ìyẹn màlúù, kòkó, kọfí, ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà àti igi, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe, bíi ṣokoléètì, awọ màlúù, táyà, àga, bébà àti èédú. Àwọn tó kọ òfin náà sọ ìdí wọn. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ṣírò pé láàárín 1990 sí 2020, igbó tó tó 420 mílíọ̀nù hẹ́kítà ló pòórá láyé, oko tó ń gbòòrò sí i ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń rà ló wà nídìí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀.

Kí ẹrù tó lè wọlé, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé. Àkọ́kọ́, ilẹ̀ tí wọ́n ti mú un jáde kò gbọdọ̀ jẹ́ igbó tí wọ́n pa run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ọdún 2020. Ẹni tó ti sọ igbó di oko ní 2015, òfin yìí kò bá a wí. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021, ohun tó bá gbìn síbẹ̀ kò lè wọ Yúróòpù mọ́. Ní ti igi, òfin tún fi ọ̀rọ̀ bíba igbó jẹ́ kún un: ẹni tó ro igbó àdáyébá, tó wá fi igi tó gbìn ní ìlà-ìlà rọ́pò rẹ̀, kò lè sọ pé igi ṣì wà níbẹ̀ kó fi bọ́. Èkejì, wọ́n gbọ́dọ̀ ti mú ẹrù náà jáde lọ́nà tó bá òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá mu. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi orúkọ ara rẹ̀ gbè é.

Ìwádìí yìí ni ọkàn gbogbo ètò náà, ìbéèrè kan ló sì wà nídìí rẹ̀: níbo? Kì í ṣe “Nàìjíríà” ni ìdáhùn, kì í ṣe “ìpínlẹ̀ Kàdúná”, orúkọ abúlé pàápàá kò tó. Oko náà gan-an ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Bí oko kò bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ìyẹn nǹkan bí éékà mẹ́wàá, ojú ibi kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó, nọ́ńbà méjì tí GPS inú fóònù ń gbé jáde, ó sì gbọ́dọ̀ ní òǹkà mẹ́fà lẹ́yìn pọ́ìntì. Òǹkà kẹfà yẹn dúró fún nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá lórí ilẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí oko bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, tí kì í ṣe ti màlúù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé fóònù rìn yí ààlà rẹ̀ po, kí àwòrán oko náà yọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn èyí, wọn á gbé àwòrán náà lé fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà láti òkè. Bí ibẹ̀ bá dúdú fún igi ní oṣù kejìlá 2020, tó wá pupa fún erùpẹ̀ ní 2022, kò sí àlàyé tí onísòwò máa ṣe tó lè pa fọ́tò yẹn dà.

Onísòwò tó ń kó ẹrù wọlé á wá kọ gbogbo èyí sínú ìkànnì Àjọ náà: irú ẹrù, ìwọ̀n rẹ̀, orílẹ̀-èdè, àti ojú oko gbogbo. Ìkànnì á fún un ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ni kọ́sítọ́ọ̀mù wọn máa béèrè. Ó gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà, ìtanràn tó ga jù fún ilé-iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ dín sí ìdá 4 nínú 100 gbogbo owó tó pa ní Yúróòpù lọ́dún kan. Kì í ṣe gbogbo ẹrù ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ní oṣù karùn-ún 2025, wọ́n pín àwọn orílẹ̀-èdè sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ewu wọn. Rọ́ṣíà, Bẹ̀lárùsì, Kòríà Àríwá àti Myanmar nìkan ló wà lókè, wọ́n á yẹ ìdá 9 nínú 100 àwọn tó ń ra ẹrù níbẹ̀ wò. Gánà wà nísàlẹ̀, ìdá 1 nínú 100. Nàìjíríà wà láàárín pẹ̀lú Brazil àti Côte d'Ivoire, ìdá 3 nínú 100.

Títí dé ibí, ó dà bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lásán. Inú ọjà ni ìṣòro wà, ẹ wo sóyà.

Ìyá kan lábúlé kan ní gúúsù Kàdúná gbé mudu mẹ́jọ sóyà wá sọ́jà ọlọ́sẹ̀-ọlọ́sẹ̀ (mudu ni abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọkà). Ẹni tó ń rajà ti tẹ́ tàpólì sílẹ̀. Ó wọn tirẹ̀, ó gbọn mudu náà lẹ́ẹ̀kan kó lè kún dáadáa, ó dà á sórí òkìtì tí ti ẹni ogún ti wà tẹ́lẹ̀, ó sanwó. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò sí ẹ̀dá tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti ìyá náà mọ́. Òkìtì wọ àpò, àpò wọ ọkọ̀, ọkọ̀ dé Dawanau ní Kano, ọjà ọkà tí òkìkí rẹ̀ kàn yíká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí àpò tirẹ̀ á tún ti dà pọ̀ mọ́ ti Benue àti ti Taraba. Bí ọjà wa ṣe rí nìyẹn, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀. Ìdàpọ̀ yìí ló jẹ́ kí ẹni tó ní mudu mẹ́jọ péré lè rí ẹni rà á.

Ṣùgbọ́n òfin yìí kò fẹ́ ìdàpọ̀ tí kò ní orúkọ. Wọ́n lè da sóyà oko ẹgbẹ̀rún pọ̀, bí ojú gbogbo oko ẹgbẹ̀rún náà bá ti wà lákọsílẹ̀. Bí a kò bá mọ ojú oko kan ṣoṣo nínú wọn, tàbí tí oko kan ṣoṣo bá jẹ́ igbó tí wọ́n pa run lẹ́yìn 2020, gbogbo ẹrù náà ni kò ní wọlé. Wọn kò gba kí ènìyàn ní “ìdá 90 rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ó lọ.” Bí ìka kan bá tọ́ epo, á ran ìyókù. Nítorí náà, iṣẹ́ tí òfin yìí gbé sílẹ̀ fún wa kì í ṣe ti gbígba ìwé ní Àbújá. Iṣẹ́ àpò ni: kí oko kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà wà lára àpò, kí a má tú àpò sórí òkìtì ẹlòmíràn títí yóò fi dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń ra kòkó ní Oǹdó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọjà kòkó ti ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ń wọ oko. Ọjà sóyà ní àríwá kò tíì ní irú okùn bẹ́ẹ̀ tó. Lójú òfin, ọrùn ẹni tó ń kó ẹrù wọlé ni ìnáwó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọjà mọ̀ pé ìnáwó a máa yọ́ wálẹ̀ láti ọwọ́ alágbára títí á fi dé ọwọ́ ẹni tó ń wọn mudu. Ibi tó yẹ kí ìjọba dúró sí nìyẹn, kí wíwọn oko má di owó tí ìyá yẹn máa san.

Ti èédú tún le ju ti sóyà lọ, nítorí oko kò rìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sun èédú ń rìn. Ó lè ra igi mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń ro oko níbí, kó ra méjì níbòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Yóò gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, yóò to igi lé ara wọn, yóò fi koríko bò ó, yóò da erùpẹ̀ lé e, yóò sì ti iná bọ ojú kan. Èéfín àkọ́kọ́ á funfun, á ki, nítorí omi inú igi ló ń jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan á fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́ jọ aró tí wọ́n fi omi là. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á wá mọ̀ pé ó ti jinná, á sì dí gbogbo ihò tó kù, kí afẹ́fẹ́ má sọ ọ́ di eérú. Tó bá di èédú tán, ṣé ẹnikẹ́ni ṣì lè mọ irú igi tó jẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Iná kì í pa ihò tíntìntín tí omi ń gbà nínú igi rẹ́. Ní ilé ìwádìí Thünen ní Hamburg, ní Jámánì, wọ́n ń wo ojú èédú tí wọ́n ṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá, wọ́n sì ń dárúkọ ẹ̀yà igi tó wá láti inú rẹ̀. Ẹni tó kọ irú igi kan sórí ìwé, tó wá kó òmíràn sínú àpò, àṣírí rẹ̀ lè tú níbẹ̀. Òfin igi tí Yúróòpù ń lò láti 2013 kò mẹ́nu kan èédú rárá, èyí ló mú kí ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti EUDR tóbi.

Síbẹ̀, òfin náà ní ibi tí kò dé, àríwá ni ó sì hàn jù. Ohun tó ń pè ní igbó ni ilẹ̀ tó ju ìdajì hẹ́kítà lọ, tí igi ibẹ̀ ga ju mítà márùn-ún lọ, tí orí igi sì bo ju ìdá 10 nínú 100 ilẹ̀ náà lọ, tí kì í sì í ṣe ilẹ̀ oko. Púpọ̀ nínú ọ̀dàn wa kò wọ inú ìwọ̀n yẹn. Igi òrí àti igi irú tí àwọn baba ńlá dá sí láàárín oko ọkà, ilẹ̀ oko ni òfin kà á sí. Bí ẹnìkan bá gé wọn fi sun èédú, Yúróòpù kò lè pè é ní pípa igbó run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin tó ń ṣa èso òrí ti pàdánù oúnjẹ òòjọ́ wọn. Àìtó ńlá ni èyí. Ohun tó ṣẹ́kù láti dáàbò bo irú igi bẹ́ẹ̀ ni ohun kejì tí òfin béèrè, pé kí gígé rẹ̀ bá òfin ìlú mu, ọwọ́ wa nìyẹn sì wà. Láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún ará ìlú, ẹ̀ka igbó ìpínlẹ̀ ló sì ń fúnni láṣẹ láti gé igi. Bí àṣẹ yẹn bá jẹ́ ìwé tí ẹnikẹ́ni lè rà láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan dé ìdí igi, a jẹ́ pé ìbéèrè Yúróòpù kò ní ìdáhùn.

A ti rí ibi tí ìwé láìsí ojú ibi lè gbé wa dé. Láti ọjọ́ kejì oṣù kìíní 2017 ni igi rosewood, tí àwọn Hausa ń pè ní madobiya, ti wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, pé ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ bá gbogbo rẹ̀ lọ sókè òkun. Ìwé náà ń sọ irú igi àti iye rẹ̀. Kì í béèrè ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Taraba, Adamawa, Kogi, Kwara, gbogbo wọn ni wọ́n ti gé e, tí ó sì ń lọ sí Ṣáínà. Ní oṣù kọkànlá 2018, ìgbìmọ̀ CITES ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè dẹ́kun ríra igi náà láti Nàìjíríà. Ó yẹ ká rántí pé ẹni tó ń rà á jù kò sí ní Yúróòpù. EUDR kò dé Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ni kò dé ilé ìdáná Kubwa.

Ti màlúù kò gùn. Òfin béèrè gbogbo ibi tí wọ́n ti sìn màlúù náà, èyí tí màlúù tó rìn láti Adamawa dé Benue kò lè dáhùn. Àmọ́ awọ ewúrẹ́ àti àgùntàn, tí àwọn ilé-iṣẹ́ awọ Kano mọ̀ jù, kò sí nínú àkọsílẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni yànmọ̀tí, atalẹ̀, kajú àti ìṣápá.

Ìgbà méjì ni wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin yìí síwájú. Ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 2026 ni wọ́n fi sí fún ilé-iṣẹ́ ńlá àti alábọ́ọ́dé, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2027 fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kéékèèké. Sóyà tí wọ́n gbìn nígbà òjò 2026, oṣù kẹwàá sí kọkànlá ni wọ́n ń kórè rẹ̀. Kó tó kúrò ní Kano kó tó dé èbúté Yúróòpù, ọjọ́ náà á ti kọjá. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ojú oko tí ó ti wá, nígbà tí sóyà ṣì dúró nínú oko ló yẹ kó lọ wọ̀n ọ́n, kí mudu àkọ́kọ́ tó bọ́ sórí tàpólì.